Ìdí Tí Ìgbín Kò Fi Ń Dáhùn Bí A Bá Kí I

Nígbà láéláé, Ìgbín kò ní ìkarahun. Ó ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn, ó ní ọwọ́ tí ó fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ohùn kan tí ó dùn débi pé àwọn ẹyẹ máa ń dákẹ́ díẹ̀ bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Ilé rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ìlú Etídò, níbi tí àwọn ẹranko ń gbé lẹ́bàá odò.

Ìlú tí inú ń bí ni Etídò nígbà náà. Bí Ẹfọ̀n, tí í ṣe baálẹ̀ ìlú, bá tẹ koríko tí Ẹtu fẹ́ jẹ mọ́lẹ̀, ìjà dé. Bí èso bá já bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí igi, tí ó bà lé ẹnì kan léjìká nísàlẹ̀, ìjà dé. Kò sí ẹni tí ń kí ẹnì kejì. Olúkúlùkù a jí, a yọjú wo ìta bóyá ọ̀tá òun wà lójú ọ̀nà, a sì tún padà wọlé.

Ìgbín nìkan ni ó mọ bí a ti ń ṣe omi ẹ̀rọ̀, omi tí ń mú ara àti ọkàn tutù. Ó ní orù kan tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó ti ẹsẹ̀ bọ odò, Ìgbín a ti dé ibẹ̀. A pọn omi kún orù náà. A já ewé òdúndún àti ewé rinrin tí ìrì ṣì wà lára wọn, a gbo wọ́n sínú omi náà títí yóò fi hó díẹ̀, tí ìfófòó rẹ̀ yóò sì funfun. A bu òrí díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, a gbé orù náà lé òṣùká, ó di ilé.

Omi náà ní èèwọ̀. Láti ìgbà tí Ìgbín bá ti gbé e kúrò létí odò, kò gbọdọ̀ fọhùn, kò sì gbọdọ̀ sọ orù náà kalẹ̀, títí omi inú rẹ̀ yóò fi tán lára àwọn tí wọ́n nílò rẹ̀. Bí ó bá fọhùn pẹ́nrẹ́n, omi á lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìfófòó á pòórá, kò sì ní wúlò fún nǹkan kan mọ́ àfi kí a fi fọ ẹsẹ̀.

Èèwọ̀ náà kò ni Ìgbín lára nígbà yẹn. Ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà? Ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ ní ìdájí a ṣojú rẹ̀ bí ẹni jẹ orógbó, a sì kọjá.

Báyìí ni Ìgbín ṣe ń pọn omi ẹ̀rọ̀, tí ó ń gbé e lọ sí ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan bọ́jú nínú rẹ̀, àwọn kan mu ún. Díẹ̀díẹ̀, ojú wọn ń tú ká. Ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ koríko kọjá. Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìsàlẹ̀ kí ó tó ju èèpo èso. Nígbà tí ó yá, ẹnì kan kí ẹnì kejì. A kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ yìí sì máa dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Àfi bí ẹni pé wọ́n ṣí ìdè ahọ́n gbogbo ìlú. Àwọn tí kì í kíra tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní ìdájí nítorí àtikí ara wọn. Wọ́n ń kí ẹni tí ó jókòó kú ìjókòó, wọ́n ń kí ẹni tí ó dúró kú ìdúró. Ẹni tí ara ń yún, bí ó bá ti ń họra báyìí, ẹnì kan á ti kí i kú ara yíyún. Àwọn tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná a dì mọ́ra láàárọ̀, wọn a ní, "Ẹ kú àtijọ́."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló borí gbogbo wọn. Ó sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ pátápátá lórí igi rẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà odò, kí ẹnikẹ́ni má bàa kọjá láìgba kíkí tirẹ̀. Bí ó bá ń kíni, a ká ìrù rẹ̀ lé ẹ̀yìn, a pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sí àyà, a sì tẹ orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ìdáhùn yóò fi dé. Bí ìdáhùn bá pẹ́, orí náà ṣì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ìlú ń yìn ín pé ọmọlúàbí ni.

Inú Ìgbín dùn sí ìyípadà náà. Nígbà tí ó máa fi rí i pé òun kò rí ọ̀nà tó dákẹ́ gbé omi gbà mọ́, ó ti pẹ́.

Ní àkókò náà ni ibà kọlu Àwẹ̀ró, ọmọ Ẹtu. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹtu bí nìyẹn. Ara ọmọ náà gbóná débi pé koríko tí ó sùn lé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Kò jẹun, kò sunkún mọ́. Ẹtu mọ̀ pé nígbà tí ọmọ bá ṣì ń sunkún, ìrètí ṣì wà. Ó sáré lọ bá Ìgbín.

Ìgbín kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Ó ní kí ó lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀, pé ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí omi yóò fi dé.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Ìgbín pọn omi, ó gbo ewé, ó gbé orù lérí. Ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó dé abẹ́ igi Ọ̀kẹ́rẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ìgbín. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ìgbín sì dáhùn. Kò ronú sí i rárá. Ẹni tí a kọ́ dáadáa láti kékeré ni, ìdáhùn náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rántí ohun tí ó gbé lérí. "A dúpẹ́ o, Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Lórí rẹ̀, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìfófòó rẹ̀ ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dún wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí kòkòrò bá ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò gbọ́ ọ. Ó ṣì ń ka orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n jí dáadáa.

Ẹtu kò sọ ohun búburú sí Ìgbín nígbà tí ó gbọ́. Ó kàn wo omi náà, ó wo ọmọ, ó sì fi etí rẹ̀ kan lé eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀. Kò tún sí ìdájí mìíràn títí di ọ̀la, ó sì dá Ìgbín lójú pé bí omi ọ̀la bá tún bàjẹ́, ọmọ náà kò ní rí ọ̀tunla.

Nítorí náà, kí Ìgbín tó lọ sí odò ní ìdájí tó tẹ̀ lé e, ó mú ewé kan, ó fi ètè méjèèjì há a. Gbogbo Etídò ló mọ àmì yẹn. Ẹni tí ó bá fi ewé há ẹnu, iṣẹ́ omi ló ń ṣe, a kì í bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá ti kọ́ àwọn ọmọ wọn bẹ́ẹ̀ kí ìjà tó dé, nígbà ìjà, àti lẹ́yìn ìjà.

Ó pọn omi, ó gbo ewé, ó gbé e lérí. Ó dé abẹ́ igi Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kí i. Ìgbín wò ó, kò lè tẹ orí ba nítorí orù, ó wá fi ojú rẹ́rìn-ín sí i, ó sì kọjá.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọrùn fi ń ro ó. Ó tún kí i láti ẹ̀yìn, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Ìgbín ń lọ. Nígbà náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé orí rẹ̀ dúró, ó sì fo orí igi dé orí igi gba iwájú lọ sí àárín ìlú, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó rí pé Ìyá Ìgbín ti di ẹni ńlá, kò jẹ́ kíkí mọ́.

Àwọn mìíràn jáde láti wò ó fúnra wọn. Wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń kí Ìgbín bí ó ti ń kọjá lọ́dọ̀ wọn, bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni. Ẹnì kan ní òun mọ̀ pé kò gbọdọ̀ fọhùn, àmọ́ òun rò pé yóò dá òun lóhùn nítorí pé àwọn jọ dàgbà ni. Òmíràn ní òun kò bínú nítorí tòun, nítorí ìyàwó òun tí ó kúnlẹ̀ lòun ṣe ń bínú.

Kí Ìgbín tó dé abẹ́ igi àràbà tó wà láàárín ìlú, èrò ti dí ọ̀nà pa. Baálẹ̀ Ẹfọ̀n dúró láàárín wọn, oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Ó ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ ro ẹjọ́ rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ rò ó. Ó ní òun kí Ìyá Ìgbín, ó wo òun, ó kọjá.

"Ṣé ẹ ò rí ewé lẹ́nu wọn ni?" Ẹtu ló bi í. Ó ti sáré wá láti ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ariwo.

"Mo rí i dáadáa," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ó ń jẹ ẹ̀fọ́, kò sì ní kí n wá jẹun. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù."

Àwọn èrò mí kanlẹ̀. Wọn kò tíì ro ti oúnjẹ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tí inú kò tíì bí, inú bí i wàyí.

Ẹtu bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí Ìgbín kọjá, pé ọmọ òun ló ń kú lọ yìí, pé bí omi náà bá dé ara ọmọ, Ìgbín yóò padà wá kí gbogbo ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n káàánú rẹ̀ gidigidi. Gbogbo wọn ló kí i kú aájò, wọ́n kí i kú ìyọnu, wọ́n sì ń retí kí ó dáhùn. Ẹnikẹ́ni kò kúrò lójú ọ̀nà.

Baálẹ̀ Ẹfọ̀n kì í ṣe ẹni burúkú. Ó wo èrò, ó rí i pé ojú ń pọ́n, ìwo ń tẹ̀ sílẹ̀ bí ti àtijọ́. Ó ní ọkàn tó gbóná kò lè dá ẹjọ́ tó tọ́. Ó ní kí wọ́n mú omi ẹ̀rọ̀ wá kí gbogbo àwọn fi bọ́jú, kí ara àwọn lè tutù, kí àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ Ìgbín.

Ẹnì kan rán wọn létí pé ọ̀dọ̀ Ìgbín nìkan ni omi ẹ̀rọ̀ wà.

Baálẹ̀ ní, "Ó tán. Ẹ gba ti orí rẹ̀ yẹn."

Ẹtu lọ dúró níwájú Ìgbín. Kò sì kúrò níbẹ̀.

Baálẹ̀ mí fìì. Ó sún mọ́ wọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá Ìgbín, kí ló le nínú rẹ̀? Ẹ sáà ti kí wa. 'Ẹ káàárọ̀' lásán. Bí ẹ bá ti wí i, gbogbo wa á yà fún yín, ẹ máa gbé omi yín lọ."

Ojú rere ló fi sọ ọ́. Lóòótọ́ ló fẹ́ kí ọ̀nà là fún un. Gbogbo ìlú dákẹ́, wọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí Ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n ń retí.

Ìgbín ní ìkíni náà lọ́fun. Kò sí ohun tí ó wù ú ní ayé yìí bí kí ó kí wọn. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni, ó mọ orúkọ ọmọ wọn gbogbo, òun ló sì fi omi wẹ ìbínú àtijọ́ kúrò lójú wọn. Ó fún ètè mọ́ ewé náà. Lórí rẹ̀, omi náà ṣì tutù. Ó wo ẹ̀yìn Ẹtu tó dúró síwájú rẹ̀, ó rí ibi tí irun ti dọ̀tí, tí ọmọ aláìsàn ti gbé orí lé títí di òwúrọ̀.

Kò fọhùn.

Ní àárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn, wọ́n ya bò ó. Ọwọ́ kan fa orù síhìn-ín, ìwo kan tì í sọ́hùn-ún. Òṣùká ré bọ́, ó sì ká mọ́ ara orù. Omi fẹ́ dà sílẹ̀. Ìgbín kò rí ọ̀nà mìíràn tí yóò fi gbà á là, ó wá fi ara rẹ̀ dí ẹnu orù náà. Ó ká ẹsẹ̀ kò, ó ká ọwọ́ kò, ó wọ inú rẹ̀ lọ tòun ti ewé ẹnu rẹ̀, ó ku kìkì àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan níta tí ó fi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kí orù má bàa fi ìdí kalẹ̀.

Ó yẹ kí wọ́n fọ́ orù náà nígbà yẹn. Àmọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun ni kí wọ́n gbé e fún, nítorí òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìwọ̀sí lọ̀. Ẹnì kan ní irọ́ ni, pé òun ti kí Ìgbín kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jí. Òmíràn bi wọ́n pé ta tilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí. Ó kù díẹ̀ kí òòrùn yọ tán tí gbogbo Etídò fi ń lu ara wọn nítorí ìkíni.

Ẹtu rò pé omi ti ṣòfò. Ó sá padà sílé lọ dì mọ́ ọmọ rẹ̀.

Lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ń jà, orù náà ń rìn. Bí ó ti wúwo tó, àtẹ́lẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé e. Ó ń gba àárín koríko, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta, omi díẹ̀díẹ̀ sì ń jò létí rẹ̀, ó ń fa ilà tó ń dán sórí ilẹ̀. Kòkòrò kan kọjá lórí ilà náà, ó dúró díẹ̀, ó gbàgbé ibi tí ó ń sáré lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló dé ilé Ẹtu. Ẹtu rí orù lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ìwo kéékèèké tí ó yọ jáde lẹ́nu rẹ̀, ojú Ìgbín sì wà ní ṣóńṣó wọn. Ó sunkún. Ó wá ọ̀nà tí yóò fi bu omi náà, kò rí i, nítorí ara Ìgbín ti dí ẹnu orù pátápátá. Bí ó bá sì fa Ìgbín jáde, omi á dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbín yí padà pẹ̀sẹ̀. Ó kọ ìdí orù tí ó ṣe ṣóńṣó sí Ẹtu.

Ẹtu lóye ohun tí ó ń wí, kò sì fẹ́ ṣe é. Ó ní, "Ìyá mi, ilé yín nìyí báyìí. Ṣé kí n fọ́ ọ mọ́ yín lórí?"

Ìgbín kò dáhùn. Kò yí padà, kò sì sún kúrò.

Ẹtu gbé pátákò rẹ̀, ó fi kan ìdí orù náà. Ó ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀. Omi sì kán jáde, ó tutù bí ìrì, ó kán sí iwájú orí Àwẹ̀ró, ó kán sí àyà rẹ̀, ó kán sí ètè rẹ̀. Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó sùn. Nígbà tí ó jí, ó sunkún kíkankíkan nítorí ebi, Ẹtu kò sì gbọ́ ohun tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó fi òrí dí ìdí orù tí ó ṣẹ́, kí ìyókù omi má bàa jò. Ó wá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Ìgbín." Ó dúró kí ó gbọ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ni ó rántí, ojú tì í, ó dìde, ó sì lọ fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ.

Ní ọjọ́ kejì, ìròyìn ti kàn pé omi ẹ̀rọ̀ kù nínú orù Ìgbín. Àwọn ará Etídò wá, egbò wà káàkiri ara wọn. Wọ́n ní àwọn ti rẹ̀wẹ̀sì nínú ìjà, àlàáfíà ni àwọn ń fẹ́. Wọ́n kí Ìgbín dáadáa, wọ́n kí i kú iṣẹ́. Òkúta sì wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tí wọn yóò fi fọ́ ìdí ilé rẹ̀.

Ìgbín ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ sábẹ́ ewé.

Láti ọjọ́ náà ni Ìgbín ti ń gbé orù rẹ̀ kiri, tí òṣùká tó ká mọ́ ọn sì di ilà tó yí i po. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rìn jẹ́jẹ́, kí omi má bàa dà, tí ó sì ń sá wọlé bí ọwọ́ bá kàn án. Ọ̀kẹ́rẹ́ padà sórí igi. Ó ń ṣàròyé níbẹ̀ títí dòní, àmọ́ kò sọ̀kalẹ̀ wá kí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ara ọmọ bá sì gbóná, tàbí tí ìdílé bá ń jà, àwọn tí ń wá ẹ̀rọ̀ a máa wá Ìgbín lọ sábẹ́ ewé, wọn a bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, wọn a sì ṣẹ́ ìdí ilé rẹ̀ kí ilé tiwọn lè tòrò.

Bí o bá pàdé rẹ̀ láàárọ̀, tí o kí i, má bínú bí kò bá dáhùn. Ó gbọ́ ọ. Omi ṣì wà nínú orù ni, kò sì tíì dé ibi tí ó ń gbé e lọ.